Ọkọ̀ Oníyàrá Tó Ń Mu Omi Ìwẹ̀ Mi

Ojúlé Kẹrìndínlógún,
Agbowó, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹrin, 1984.

Sẹ̀gilọlá, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ìyá le? Ṣé òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ṣakí? Àwa níhìn-ín wà láàyè, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wándé ti wọ ilé ìwé girama, ó sì ti ga jù mí lọ. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn nígbà tí mo rí orúkọ mi lẹ́yìn àpò ìwé náà. Ìwọ nìkan ló kù tó ń pè mí ní Ọlárónkẹ́. Níbí, Ìyá Wándé ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, Ìyá Wándé náà sì ni ọkọ mi ń pè mí láti ọjọ́ tí a ti sọ ọmọ lórúkọ. Kò burú, oyè ni. Ṣùgbọ́n nígbà míì, èèyàn a máa fẹ́ gbọ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

O bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ̀wé láti ìgbà ọyẹ́. Jókòó dáadáa kí o tó ka èyí. Mo ti ní orogún. Má pariwo, má sì tíì di ẹrù wá sí Ìbàdàn láti wá gbèjà mi. Orogún náà kò lẹ́sẹ̀, kò lẹ́nu, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti gbogbo obìnrin Agbowó lọ. Ọkọ̀ ojú omi ni.

O mọ̀ pé iṣẹ́ káfíńtà ni Bàbá Wándé ń ṣe. Òyìnbó kan wà ní Bódìjà tí wọ́n máa ń bá tún àga àti ilẹ̀kùn ṣe. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sí ìlú rẹ̀, ó fún wọn ní ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ti wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Kì í ṣe ọkọ̀ apẹja tí à ń fi àjẹ̀ wà o. Ọkọ̀ onípákó ńlá ni, ó ní ẹ́ńjìnnì, ó sì ní yàrá kékeré nínú, tòun ti fèrèsé àti ibùsùn. Lọ́rì agbépákó ló gbé e wá. Wọ́n já okùn tí mo ń sá aṣọ sí, wọ́n kó àga àwọn oníbàárà mi kúrò lábẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí, níwájú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ rán aṣọ lọ́dọ̀ mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí ìdí ọkọ̀ po.

Ara ìdí yìí ni wọ́n kọ orúkọ obìnrin sí, gàdàgbà: Màgárẹ́ẹ̀tì. Mo bi Bàbá Wándé pé ta nìyẹn. Wọ́n ní ìyàwó òyìnbó náà ni. Mo ní ṣé wọn ò ní pa á rẹ́ ni? Wọ́n ní, "Ìyá Wándé, jẹ́ ká tún ara rẹ̀ ṣe ná." Ara rẹ̀! Ṣé o gbọ́? Èmi tí ẹ̀yìn ń dùn láti ọdún Kérésì, kò sẹ́ni tó tún ara tèmi ṣe.

Kí n má purọ́, ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ gan-an. Ọ̀dà ara rẹ̀ ti ń bó, pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà, ìṣó rẹ̀ ti dógùn-ún, eku sì ti bímọ sínú yàrá rẹ̀. Bí Bàbá Wándé bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọn kì í jókòó mọ́, abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ lọ tààrà. Wọ́n yọ àwọn pákó tó jẹrà, wọ́n fi igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ rọ́pò wọn, torí wọ́n ní omi kì í tètè ba ọ̀pẹ̀pẹ̀ jẹ́. Wọ́n ń fi òwú dí àárín pákó sí pákó, wọ́n ń fi irin pẹlẹbẹ gbá a wọlé díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń rọ ọmọ lẹ́kọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára láti mọ ibi tí kò tíì dán. Sẹ̀gilọlá, mo dúró lójú fèrèsé, mò ń wo ọwọ́ yẹn, mo sì jowú. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ bò ó fún ọ. Lọ́jọ́ tí mo dirun tuntun, ṣùkú tó rẹwà, mo gba iwájú wọn lọ, mo gba iwájú wọn bọ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ní, "Ìyá Wándé, bá mi mú sáńpépà yẹn."

Ti omi ló tún wá dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. O mọ bí omi ẹ̀rọ ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bó bá lọ, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ àbọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ mú, pákó ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì, àlàfo sì ń yọ láàárín wọn. Bàbá Wándé ní àfi ká máa da omi sínú rẹ̀, ká sì fi àpò tútù bò ó lára, kó má baà là. Omi wo? Omi tí mo fi orí rù, tí mo tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀mù láti fi wẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, mo mú kànìnkànìn, mo mú ọṣẹ, mo dé ìdí dúrọ́ọ̀mù, ó ti gbẹ táútáú. Mo yọjú síta. Orogún mi ti wẹ̀, ara rẹ̀ ń dán. Èmi bọ́jú, mo ṣan ẹsẹ̀, mo sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀.

Mo fara da ìyẹn. Ti Bàdírátù ni mi ò lè fara dà. Ìjókòó inú yàrá ọkọ̀ náà ti jẹrà, ó ń fẹ́ tìmùtìmù tuntun. Mo ti ń retí rẹ̀. Mo ní, ó kéré tán, ibi tí ọwọ́ tèmi yóò ti kàn án rèé. Mo tilẹ̀ ti yan aṣọ sílẹ̀, aṣọ tó nípọn, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Àfi bí Sùlàímọ́nù, mẹkáníìkì ará Ṣáléǹjì tó ń bá wọn tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ṣe jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún Bàdírátù, obìnrin tó ń rán ìjókòó mọ́tò ní Dùgbẹ̀. Èmi télọ̀! Èmi tí èmi àti ìwọ jọ ṣe fíríídọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kan náà! Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ilé mi di ti obìnrin ìta. Mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, "Tìmùtìmù ni, kì í ṣe bùbá." Láti ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ti fi tapólì bo ìdí ọkọ̀, tí wọ́n ní kí n má sún mọ́ ọn, kí n má sì wọ inú rẹ̀, torí ọ̀dà ò tíì gbẹ. Ọ̀dà wo ni kì í gbẹ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀?

Mo wọkọ̀, ó di Dùgbẹ̀. Má rẹ́rìn-ín. Mo dúró ní òdìkejì títì, mò ń ṣe bí ẹni ń ná ọsàn, mò ń wò ó. Obìnrin pupa ni, kò ga, ó ki abẹ́rẹ́ bọ ẹnu. Ló bá rí mi. "Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá Wándé! Ẹ wọlé, ẹ wá jókòó." Mo bi í bó ṣe dá mi mọ̀. Ó ní, "Háà, mo máa ń rí yín nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ l'Agbowó. Àti pé kò sí ìgbà tí Bàbá Wándé wá síbí tí wọn kì í dárúkọ yín." Ló bá fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wọkọ̀ padà sílé. Kí ni wọ́n ń fi orúkọ mi ṣe tó ń pa obìnrin lẹ́rìn-ín? Mo palẹ̀ aṣọ mi mọ́ sínú báàgì. Mo sọ fún ara mi pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yẹn bá dé omi, tí kò sì rì, èmi náà á padà sí Ṣakí. Ilé bàbá mi ò tíì wó.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n gbé e lọ sí adágún Ẹlẹ́yẹlé. Àwọn ará ìjọ wa wá pẹ̀lú aṣọ àdúrà wọn, funfun báláú. Bàbá Adégbóyè, àgbà ìjọ, ló ṣáájú pẹ̀lú agogo. Èmi dúró lẹ́yìn, mo fajú ro. Bàbá Wándé wúkọ́, wọ́n ní ká dákẹ́, wọ́n sì fa tapólì yẹn kúrò. Màgárẹ́ẹ̀tì ti lọ. Ohun tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ síbẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà, ni ỌLÁRÓNKẸ́.

Ariwo sọ. Ìdí tí wọn ò fi jẹ́ kí n rán tìmùtìmù rèé: bí mo bá gba ìdí ọkọ̀ wọlé láti wọn ìjókòó, mà á rí ohun tí wọ́n ń kọ. Ẹ̀rín Bàdírátù náà sì wá yé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ṣì ń bí mi sí i díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́. Bàbá Adégbóyè gbé ọwọ́ sókè, wọ́n pe ọkọ mi lórúkọ, wọ́n ní, "Akínsànyà, ta ló gbà ọ́ nímọ̀ràn yìí? Orúkọ ìyàwó rẹ tó wà láàyè lo kọ sára ohun tí a fẹ́ tì sínú omi? Ṣé wọ́n máa ń rán orúkọ èèyàn lọ sínú omi láìsí ẹni tó ni ín ni? Bó bá rì ńkọ́? Ṣé wàá dúró létí omi, wàá máa kígbe pé Ọlárónkẹ́ ti rì?" Jìnnìjìnnì bo gbogbo èèyàn. Àwọn ìyá ìjọ ń ké "Jésù! Jésù!" Bàbá Adégbóyè ní kí wọ́n fá a kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan sì ti na sáńpépà sí Bàbá Wándé. Wọ́n gbà á, òógùn bò wọ́n. Ibi tí wọ́n rò pé àwọn ti ń dá mi lọ́lá, ibẹ̀ ni wọ́n ti bá mi fa èpè lẹ́sẹ̀. Wọ́n yíjú sí mi. "Bí o bá ní kí n fá a, mà á fá a."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní tàn ọ́. Mi ò mọ omi wẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ibi tí Màgárẹ́ẹ̀tì wà tẹ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe fá a tí kò ku àpá, mo sì rò ó wò: bí èmi náà bá kúrò níbẹ̀, orúkọ ta ni yóò débẹ̀? Owú tí mo ti ń jẹ láti ìgbà ọyẹ́, òun náà ló gbé mi nílẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo fún ìró mi le, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Orúkọ mi ò ní dá wọ omi. Èmi tí mo ni ín á bá a lọ." Mo sì gun ọkọ̀. Bàbá Adégbóyè wò mí títí, wọ́n mirí, wọ́n sì lu agogo. Mi ò gbọ́ àdúrà tó gbóná bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

Wọ́n tì wá sómi, omi sì wọlé. Sẹ̀gilọlá, omi wọlé! Mo figbe ta. Bàbá Wándé ní, "Má fòyà. Pákó ló ṣì ń mu omi. Bó bá yó, á wú, á sì dí ara rẹ̀." Wọ́n ní bí kì í bá ṣe omi tí àwọn ti ń dà sínú rẹ̀ látọjọ́ yìí, ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n na abọ́ sí mi. Èmi tí mò ń jà torí omi ìwẹ̀, èmi náà ni mo tún ń gbọ́n omi lẹ́sẹ̀ orogún mi. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́, ó tún wúkọ́, ó wá jẹ́. A rọra ń lọ létí létí. Nígbà tí oòrùn fi máa rọ̀, abọ́ mi ò rí omi gbọ́n mọ́. Mo wá jókòó sórí tìmùtìmù Bàdírátù, mo yẹ ojú rírán rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin náà mọṣẹ́. Ó dùn mí dé eegun.

O rò pé owú mi ti tán? Gbọ́. Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá Wándé bá ti jí, wọ́n á ní, "Mò ń lọ wo Ọlárónkẹ́ ní Ẹlẹ́yẹlé." "Ọlárónkẹ́ ò dá mi lóhùn lánàá." "Ọlárónkẹ́ ń fẹ́ ọ̀dà sí i." Wọ́n á wá yíjú sí mi: "Ìyá Wándé, oúnjẹ ńkọ́?" Orúkọ tí mo ti ń retí lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, ọkọ̀ ló wá ń jẹ́ ẹ! Lánàá, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo sì dúró tì í. Mo ní, "Ẹ gbọ́, mo bá orúkọ yẹn wọ omi, mo sì bá a jáde. Èmi ni mo ni ín. Ẹ máa pe ọkọ̀ yín ní Ìyá Wándé." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá tẹjú mọ́lẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá bá bàbá mi sọ̀rọ̀ ní Ṣakí. Wọ́n ní, jẹ́jẹ́, "Ọlárónkẹ́." Mo kọ́kọ́ wo ìta, abẹ́ máńgòrò. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Èmi ni wọ́n ń wò.

Mo ti tú báàgì mi. Ọlọ́run á bá mi tọ́jú rẹ, ọ̀rẹ́ mi. Abẹ́rẹ́ rẹ ò ní kán, oníbàárà ò ní wọ́n ọ, ohun tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ rán ò ní tú mọ́ ọ lọ́wọ́. Bá mi kí ìyá, kí wọ́n máa fi àdúrà rántí wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ kọ́ṣẹ́,
Ọlárónkẹ́, èyí tó lẹ́sẹ̀.

Àfikún: Bàdírátù ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wá bá wa yọ̀, kí òun sì wọ ọkọ̀ wò. Mo ní kó máa bọ̀. Jọ̀wọ́, bá mi fi òwú líle tí a fi máa ń rán aṣọ tó nípọn ránṣẹ́ kíákíá. Mo ti tú gbogbo tìmùtìmù rẹ̀ palẹ̀. Kò ní jókòó sórí iṣẹ́ ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ mi.