Ibi Tí Wọ́n Gbé Ikú Àdìsá Sí

Agbègbè Basin,
Ìlọrin,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Zahrah, ọmọ mi àtàtà,

Àlàáfíà Ọlọ́run Ọba kí ó máa bá ìwọ, ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ gbé ní Àbújá. Ṣé ara yín le? Ṣé ooru ibẹ̀ kò mú yín jù, ṣé ikọ́ tó ń ṣe èyí àbúrò ti lọ? Èmi bàbá rẹ wà láàyè, mo sì ń dúpẹ́. Orúnkún ń dùn mí díẹ̀ bí mo bá fẹ́ dìde lórí ìrun, àwọn adìẹ mi ń yé, iná mànàmáná sì ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Bí o bá rí i pé ìkọ̀wé mi kò gún régé bíi ti tẹ́lẹ̀, má rò pé àìsàn ni. Inú ló ń bí mi.

Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù ni mo fẹ́ dáhùn. O ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò kàn padà síbẹ̀ bíi gbogbo èèyàn?” Mi ò lè dáhùn lọ́jọ́ yẹn, torí bí ohùn mi bá ti ń lọ sókè báyìí, ìwọ á ní ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Lẹ́tà kò lè já mi lẹ́nu. Raudah ọmọ àbúrò mi ń bọ̀ ní Àbújá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, òun ni mo fi rán. “Ibẹ̀” tí ìwọ àti èmi ń sọ, ìkànnì ńlá tí gbogbo ayé wà lórí rẹ̀ ni. Mi ò ní pe orúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà mi. A kì í pe orúkọ ṣáláńgá nídìí oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí mi ò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ nígbà náà. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti gbé Hàlímọ̀tù níyàwó, kò sí ọkùnrin àjèjì tó rí irun orí rẹ̀. Kódà nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, bó bá ti gbọ́ kọ́kọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ìborùn ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń wá. Àwòrán kan ṣoṣo tó gbà kí o gbé síbẹ̀ ni èyí tó yà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí rẹ, tó ń rẹ́rìn-ín, tí ìborùn funfun bò ó dé èjìká. Lọ́jọ́ kan, nígbà tó ti tó ọdún kan tó ti kú, mo ṣí fóònù mi kí n gbọ́ wáàsí, ojú ìyá rẹ ni mo rí. Àwọn olè kan ti jí àwòrán náà, wọ́n fi ń ta oògùn tí ọkùnrin fi ń lágbára lórí ibùsùn. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ ojú rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń sọ ọ́, pé láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti ń lò ó, òun kò rójú sùn mọ́. Zahrah, mo tutọ́ sílẹ̀ nínú pálọ̀ ara mi. Mo fi omi yọ ẹnu, itọ́ náà kò tán.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni ìkànnì náà. Raudah ló bá mi fi ṣọwọ́, o mọ̀ pé òun ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ̀ǹpútà ní Malete. Èsì dé kí a tó mu omi tán: wọ́n ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn kò rí ohun tó lòdì sí òfin àwọn níbẹ̀. Mo ní kí Raudah bi wọ́n pé ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé onítọ̀hún ní ìyá. Raudah ní ẹ̀rọ ni, kì í ṣe èèyàn. Olè, mo mọ olè. Olè ti wà láyé kí wọ́n tó bí mi. Ṣùgbọ́n onílé tó rí olè nínú ilé rẹ̀, tó gba owó ìpolówó lọ́wọ́ olè, tó tún ní kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, irú ẹ̀dá wo nìyẹn? Ọjọ́ náà ni mo pa orúkọ mi rẹ́ níbẹ̀.

Raudah wá ní ìkànnì kékeré kan wà tí kò sí ìpolówó lórí rẹ̀, tí àjèjì kò sì lè yọjú síbẹ̀ bí a kò bá pè é. Inú mi dùn. Mo pe ẹbí jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo se ìrẹsì, mo pa adìẹ méjì nínú àwọn tó ń yé fún mi. Mo sọ ohun tí wọ́n fi ìyá rẹ ṣe. Gbogbo wọn pariwo, wọ́n ń wá ìṣọ́ra Ọlọ́run kúrò lọ́dọ̀ èṣù. Màsúdát àbúrò mi sunkún. Wọ́n gbà pé gbogbo wa á kó kúrò níbẹ̀ pọ̀, mo ṣe àdúà, wọ́n ṣe àmín, wọ́n jẹ adìẹ mi tán.

Kò pẹ́ tí ilé tuntun náà fi di ahoro. Màsúdát ní àwọn tó ń ra ọkà bàbà lọ́wọ́ òun ní ọjà Ipata, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè iye tí òun ń tà á, bí wọn kò bá rí òun, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ẹnìkan ní àwòrán àwọn ọmọ òun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn wà níbẹ̀, òun kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kó o jáde. Ẹnìkan ní ibẹ̀ ni gúrúùpù mọ́sáláásí àwọn wà. Ìwọ ọmọ mi, o ní, “Bàbá, bí àwọn tó kù bá ti dé, èmi náà á dé.” Àwọn tó kù náà ní bí ìwọ bá dé, àwọn á dé. Gbogbo yín dúró sẹ́nu ọ̀nà, olúkúlùkù ń retí kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnìkan nínú yín tó ní ọ̀rọ̀ mi kò dára. Bí ẹ bá bá mi jiyàn ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa sọ. Ẹ gbà fún mi, ẹ sì jókòó síbi tí ẹ wà.

Ó wá ku èmi àti Raudah. Láràárọ̀, ọmọ náà á fi àdúà ránṣẹ́, èmi á ní àmín. Èmi náà á fi tèmi ránṣẹ́, òun náà á ní àmín. Ọ̀kan wa ni lẹ́mọ́ọ̀mù, ọ̀kan ni èrò ẹ̀yìn. Mo ní kò burú, ẹni tó bá ní ìtìjú kò ní padà síbi tí wọ́n ti fi ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀sín.

Ó yá, jẹ́ kí n dé orí Àdìsá, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ń pè ní Bàbá Toyyib. Láti ilé kéú la ti jọ ń bọ̀, pátákó wàláà kan náà la jọ fi kọ́ kéú nígbà tí tèmi fọ́. Lọ́jọ́ kan tí a ń bọ̀ láti ibi òkú, àwa méjèèjì ti ń hewú nígbà yẹn, ó ní, “Kádírì, bí mo bá ṣáájú, ìwọ ni kí o wẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ mí máa yí mi síwá sẹ́yìn.” Mo ní bí èmi ni mo bá ṣáájú, kí òun náà wẹ̀ mí. A bọ ara wa lọ́wọ́ lé e lórí. Àwa tí a ti wẹ òkú rí mọ̀ pé lẹ́yìn ìyẹn, kò sí oore tí ọwọ́ ọ̀rẹ́ tún lè ṣe fún ara ọ̀rẹ́. Apá òsì Àdìsá kò sì nà tán. Ó já bọ́ lórí igi máńgòrò ní kékeré, wọn kò tò ó dáadáa, bí a bá fà á, ó máa ń dùn ún dé èjìká. Bí a bá ń lọ kírun ọdún, èmi ni mo máa ń bá a fi ọwọ́ yẹn wọ agbádá.

Ọjọ́ Àtìní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Àdìsá kú, kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò tilẹ̀ ṣàìsàn tí wọn ì bá fi ránṣẹ́ pè mí. Toyyib ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà pé bàbá àwọn ti dágbére fáyé, lẹ́yìn ìrun Àìlà ni àwọn máa sin ín. O mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí òkú sùn nílẹ̀. Èmi fúnra mi ti ṣe wáàsí lórí rẹ̀ láìmọye ìgbà. Gbogbo ìgboro rí i. Àwọn kan wọ ọkọ̀ wá láti Malete. Èmi wà ní Basin níbí, mò ń tún ilé adìẹ mi ṣe, fóònù mi wà lápò, kò dún. Kò sẹ́ni tó pè mí, torí kò sẹ́ni tó rò pé mi ò tíì gbọ́.

Lẹ́yìn Àlàásárì, mo lọ sí Ipata lọ ra àgbàdo adìẹ lọ́wọ́ Màsúdát. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá Zahrah, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tẹ́ Àlùjánnà fún wọn.” Mo ní ta ló kú? Ó wojú mi, ó rò pé ìbànújẹ́ ló da orí mi rú. Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ wẹ Bàbá Toyyib ni?” Orí àpò àgbàdo ni mo jókòó sí.

Nígbà tí mo dé agbo ilé wọn, erùpẹ̀ orí sàréè ṣì tutù. Mo bi Toyyib pé ta ló wẹ bàbá rẹ̀. Ó ní ọ̀dọ́kùnrin kan láti mọ́sáláásí ni, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Mo ní báwo ló ṣe ṣe apá òsì? Ó ní, “Bàbá, kò nà. Wọ́n ní láti fà á.” Mi ò ní gbàgbé gbólóhùn yẹn títí wọ́n á fi fa tèmi náà.

Mo ní kí ló dé tí o kò pè mí? Toyyib wólẹ̀, ó ń sunkún. “Mo gbé e síbẹ̀, Bàbá. Mo rò pé ẹ ti rí i. Mo rò pé àárẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ wá.” Ó fa fóònù yọ kó lè fi hàn mí pé òun kò purọ́. Àwọn kan ti ya Àdìsá nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi dì í, wọ́n gbé e síbẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn kan tẹ àtàǹpàkò sókè sí i. Àtàǹpàkò! Sí òkú Àdìsá! Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí to ojú tó ń sunkún sílẹ̀ bí ẹni to bisikíìtì. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń polówó bàtà. Èébì gbé mi. Mi ò fi ṣàpèjúwe o, mo lọ sẹ́yìn ògiri, mo bì.

Mo fẹ́ bú Toyyib, mo fẹ́ bú gbogbo wọn pátá. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ní èèyàn kún mọ́sáláásí, wọ́n kún àgbàlá, ìlà ìrun dé ojú títì. Ó ní àwọn tí wọn kò fojú kan bàbá òun láti ọdún pípẹ́ wá kírun sí i lára, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó. Bí mo bá kú lónìí, Raudah nìkan ló máa rí i níbi tí mo wà. A sì kọ́ wa ní ilé kéú pé bí ogójì Mùsùlùmí bá kírun sí òkú lára, Ọlọ́run á gba ẹ̀bẹ̀ wọn lórí rẹ̀. Mo ní kí n kó nọ́ńbà àwọn èèyàn mi jọ fún ọ. Èyí tí mo kọ́kọ́ pè, obìnrin tí mi ò mọ̀ rí ló gbé e. Èkejì kò wọlé rárá. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wà láàyè, inú Ìlọrin níbí ni wọ́n wà, àmọ́ ibì kan ṣoṣo la ti lè rí wọn. Àwọn baba wa ní èèyàn laṣọ. Àwọn tó ni ìkànnì yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kó aṣọ gbogbo wa sínú àpótí wọn, wọ́n ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó máa rìn níhòòhò. Ẹlẹ́gbin ni wọ́n. Ẹ ò fẹ́ràn wọn, mo ti wá mọ̀ báyìí. Ara yín lẹ fẹ́ràn, àwọn sì ń fi ìyẹn pawó.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Bí ọjọ́ mi bá pé, tí wọ́n bá pè ọ́, gbé e síbẹ̀. Mo ní kí o gbé e síbẹ̀, Zahrah. Kọ orúkọ mi, kọ orúkọ agbo ilé wa, kọ àkókò ìrun. Má fi àwòrán kankan sí i. Ó ń kó mi nírìíra bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ àdúà àwọn èèyàn mi ju bí mo ṣe kórìíra ibi tí wọ́n jókòó sí lọ.

Kí Ọlọ́run bá mi dá ẹ̀mí ìwọ àti ọkọ rẹ sí, kí Ó fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ dalẹ́, ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Kí Ó forí jin ìyá rẹ àti Àdìsá, kí Ó mú kí ilẹ̀ rọ̀ wọ́n lára.

Èmi ni bàbá tó bí ọ, tó sì ń fi ojoojúmọ́ rántí rẹ,
Àbdùlkàdírì.

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù: Raudah ló bá mi ṣí orúkọ mi padà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kò bá mi wí, ó kàn ń tẹ fóònù, kò sì wojú mi. Òun nìkan ló kù sórí ìkànnì kékeré wa báyìí, torí náà bá mi kí i dáadáa bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ní tèmi, bí o bá rí orúkọ mi níbẹ̀, jọ̀wọ́, má kí mi káàbọ̀.