Ife Wa Ńkọ́?

Bàbá mi, káfíńtà Òkè-Àgbò, ẹni tí mi ò fẹ́ purọ́ fún mọ́,

Àná la ṣe fídáù ogójì ọjọ́ yín. Àwọn ààfáà ṣàdúrà títí ohùn fi há wọn. Àwọn èèyàn wá láti Awà àti Àgọ́-Ìwòyè, gbogbo wọn ló sì ń sọ pé ẹ ti sinmi. Èmi ni mi ò rí ìsinmi, torí ọ̀rọ̀ kan wà láàárín èmi pẹ̀lú yín tí a ò parí kí ẹ tó lọ.

Ẹ rántí tábìlì tẹníìsì tí ẹ fi pákó afárá kàn fún mi lẹ́yìn ilé. Ẹ ò rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ kàn ní kí n sọ bó ṣe gùn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, ẹ sì fi okùn wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ẹ parí, ẹ dojú rẹ̀ dé, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ Bísímílááhì sábẹ́ rẹ̀, orúkọ mi sì tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe sí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ yín láti ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ àgbà ti kọ́ yín ní lẹ́tà: Bísímílááhì, lẹ́yìn náà orúkọ ẹni tó ni nǹkan, kó má baà ṣìnà lọ sílé ẹlòmíràn.

Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ lọ sí ìdíje ní Ìbàdàn, ẹ ta kẹ̀kẹ́ yín fún ẹlẹ́ja kan láti Mákùn-Omi kí n lè rí owó ọkọ̀ àti bàtà funfun. Mo ṣì ń rí kẹ̀kẹ́ náà lọ́jọ́ ọjà, agbọ̀n ẹja gbígbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Mo gba ife ẹ̀yẹ. Ẹ béèrè iye tí wọ́n fi kún un, mo sì ní kò sí kọ́bọ̀, pé òfin eré wa ni pé ẹni tó bá gba owó kì í ṣe ara wa mọ́, àti pé ife náà gan-an, ọdún kan péré la fi máa tọ́jú rẹ̀ ká tó dá a padà. Ẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú yín. Síbẹ̀ ẹ gbé e sórí àpótí aṣọ yín, ẹ ń nù ún lẹ́yìn ìrun àsùbáà, àlejò ò sì lè mumi tán nílé wa kó má tíì gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ọdún kejì ni mo wá mọ bí owó ṣe ń rìn nínú eré tí wọ́n ní kò sówó níbẹ̀. Wọn ò ní fún eléré lówó. Olówó kan ló máa fún un ní gbogbo ohun tí owó ń rà. Onígẹdú tó ni ilé ìlagi fún mi ní owó ọkọ̀, bàtà, ibi tí mo sùn, àti iṣẹ́ akọ̀wé tí mo kàn ń lọ buwọ́ lù lẹ́nu géètì ilé ìlagi láràárọ̀ Mọ́ńdè. Orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀wù mi. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé tí mo bá tún gba ife náà, ọ́fíìsì òun ni yóò máa wà, kí àwọn tó ń wá ra pákó láti Èkó lè máa rí i. Mo gbà. Ara yín ò yá nígbà yẹn, owó oògùn sì wọ́n. Àmọ́ kí n sọ òótọ́: bàtà náà wù mí. Mo gba ife, onígẹdú sì ti gbà á lọ́wọ́ mi nínú mọ́tò rẹ̀ ká tó wọ̀lú.

Ife wa ńkọ́? Ohun tí ẹ kọ́kọ́ bi mí lórí ẹní àìsàn yín nìyẹn, bí mo ṣe wọlé. Ojú tì mí, mo ní ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń fín orúkọ sára rẹ̀ ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kejì ẹ tún béèrè. Oṣù mẹ́ta gbáko, ẹ ò ṣíwọ́. Mo rò pé àìsàn ló ń jẹ́ kí ẹ gbàgbé, inú a sì máa bí mi. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, mo ti ibi ìdánrawò dé láti Àgọ́-Ìwòyè, mo bá yín lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyẹ̀fun pákó wà lára fìlà yín. Mo jágbe mọ́ yín, èmi ọmọ, pé ta ló ní kí ẹ jáde. Ẹ kàn ní ẹ lọ kí ẹnì kan ni.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ sí ọ́fíìsì onígẹdú láti yá ife náà, kí n gbé e wálé fún ọjọ́ kan péré nítorí yín. Òun ò sí níbẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ ló gbà mí láyè. Ife náà wà lórí pẹpẹ kan lára ògiri. Bí mo ṣe gbé e ni mo rí ojú ibi tí pákó pẹpẹ náà ti so pọ̀: kò sí ìṣó kankan níbẹ̀. Ta ló ń so pákó báyẹn ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó bí kò ṣe ẹ̀yin? Mo béèrè. Akọ̀wé náà ní ọ̀gá òun ló gbéṣẹ́ náà fún yín, pé Ọjọ́bọ̀ kan lẹ tẹ ọ̀pá wá, tí ẹ fọwọ́ ara yín gbé e kọ́ ògiri, tí ẹ ò sì gba kọ́bọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀. Bísímílááhì. Mo rò pé orúkọ onígẹdú ló máa tẹ̀ lé e, torí òun ló bẹ̀ yín níṣẹ́, òun ló ni ọ́fíìsì. Orúkọ mi ni.

Yéè, Bàbá! Ẹ mọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ lọ jìnnà tí ẹ ti bá a, ẹ sì tún ń bi mí lójoojúmọ́. Ṣé ẹ ń dúró kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ ni? Kí ló dé tí ẹ ò gbá mi létí? Ṣé inú yín bàjẹ́ sí mi kí ẹ tó lọ?

Ìdíje ọdún yìí ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàtà tuntun tí onígẹdú rà fún mi ò tíì kúrò nínú páálí. Mo ti padà lọ gbé e fún akọ̀wé rẹ̀ pé kó bá mi dá a padà. Mi ò tíì mọ ibi tí owó ọkọ̀ máa gbà wá.

Ife wa ńkọ́? Bàbá mi, kò sí ní Ìbàdàn, kò sí lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń fín orúkọ. Ó wà ní ọ́fíìsì onígẹdú, lórí pẹpẹ tí ẹ kàn, níbi tí mo dá a padà sí láàárọ̀ yìí. Èmi ni mo jẹ́ kó gbé e lọ.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà ṣe ilé yín. Ẹ foríjì mí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ pákó.