Ẹyẹ Tí Bàbá Fi Igi Gé

Ẹ̀gbọ́n mi Fausto,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Madrid. Ọjà ń tà. Orúnkún ṣì ń da Mama láàmú, àmọ́ ẹnu wọn ò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Ẹ mọ̀ pé látìgbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ ti wó itẹ́ òkú àtijọ́, tí wọ́n gbin igi sípírẹ́sì sí tuntun, ìdí igi tí ológbà ibẹ̀ bá gé bí ère ni wọ́n ń sin ín sí. Gbòǹgbò igi tí Bàbá gé bí ẹyẹ nígbà tí wọ́n jẹ́ ológbà ibẹ̀ ti wọnú sàréè wọn. Àwọn aláṣẹ ní tá ò bá gé igi náà lulẹ̀, àwọn á dí sàréè pa, Mama ò sì ní lè sùn ti Bàbá.

Mo ti bá agégi sọ̀rọ̀. Mama ní, "Germania, ọwọ́ ẹ yá jù! Ṣé o fẹ́ pa ẹyẹ ọkọ mi ni?"

"Níbo la máa wá sin yín sí?"

"Ibi tó bá wù yín. Òkú kì í ráhùn."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n kí Ọjọ́ Àwọn Òkú tó dé, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ṣé àárín àjèjì ni ká sin ìyá wa sí? Ẹ má fi falẹ̀ o: láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pọ́n àlùmọ́gàjí Bàbá, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ló máa tún ìyẹ́ ẹyẹ náà ṣe.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Àbúrò yín,
Germania