Ilà Tí Mo Ní Kí Wọ́n Pa Rẹ́

Ojúlé Kẹtàlá, Ọ̀nà C,
Raji Rasaki Estate,
Amùwò-Ọ̀dọ̀fin, Èkó.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹwàá, 2024.

Tàjúdéènì, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fara rọ̀? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò pọ̀ ní Ìsẹ́yìn lọ́dún yìí. Mo lérò pé ẹ̀gẹ́ yín ò jẹrà. Àwa náà wà, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Láídé, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ń tì mí lójú. O mọ̀ pé Láídé máa ń ya àwòrán sínú ìwé àwọn ọmọdé. Èyí tó ń ṣe lọ́wọ́ dá lórí ọmọbìnrin kan tí àpá wà lójú rẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì kí wọ́n má baà wò ó. Bàbá àgbà rẹ̀ á wá gbé e sórí itan, á ní kó fọwọ́ kan ilà ojú òun. Láti ibẹ̀ ni ọmọ náà á ti lanu sọ̀rọ̀. Ojú mi ni Láídé yà fún bàbá náà, àbàjà wa bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Nígbà tó fi hàn mí, inú bí mi. Mo ní kó pa ilà yẹn rẹ́. Mo ní ó ti tó tí àwọn kọ́ńdọ́ ọkọ̀ ní Mile 2 ń bi mí bóyá ẹkùn ni mo bá jà, n ò fẹ́ kí àwọn ọmọ Festac tún bá wọn dá sí i.

Ó ní, “Bàbá, bí mo bá pa á rẹ́, kí ni bàbá yẹn fẹ́ fi han ọmọ?”

Mo ní kó fi fìlà hàn án. O kúkú mọ bí mo ṣe lè le tó. Ó pa á rẹ́.

N ò mọ̀ pé tìtorí Ṣìmí ọmọ rẹ̀ ló ṣe ń ṣe ìwé náà. Omi gbígbóná dà sí ọmọ yẹn lẹ́rẹ̀kẹ́ lọ́dún tó kọjá, àtìgbà náà ló ti ń fọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó sì jókòó tì wá, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ṣé wọ́n á pa tèmi náà rẹ́?”

Ẹyin lọ̀rọ̀, Tàjú.

Mo ti ní kí Láídé dá ilà náà padà. Mo tiẹ̀ ṣí fìlà, mo jókòó kó lè yà á dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pe Ṣìmí pé kó wá fọwọ́ kan ojú mi, ó mi orí. Ó ní, “Ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀.”

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ilé. Kí o sì jọ̀wọ́, wá sí Èkó kí ìwé náà tó lọ sílé ìtẹ̀wé. Láídé á wá pàdé rẹ ní ibùdókọ̀ Agboju. Ìwọ ò fojú rẹ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ náà ò ní gbà á lẹ́nu mi mọ́. Jẹ́ kó fọwọ́ kan tìrẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí rẹ,
Ọláníran