Etí Mi Tó Jábọ́ Sínú Táǹkì Mọ́tò

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí Eléyín-Mẹ́rin, ọmọ ọmọ mi. Bí eyín rẹ̀ bá ti lé sí i, jẹ́ kí n mọ̀ kí n lè tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé yín mì, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní bàjẹ́. Èmi àti ìyá rẹ wà dáadáa. Adìyẹ funfun ti pamọ, atẹ́gùn sì ti ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ. Bí o bá ń gbọ́ òórùn epo mọ́tò lára ìwé yìí, má fòyà, kà á dé ìsàlẹ̀.

O rántí etí tí o rà fún mi, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí dókítà kì bọ̀ mí létí ọ̀tún, tó ní kí n máa yọ ọ́ bí mo bá fẹ́ wẹ̀ nítorí pé omi kò gbọdọ̀ kàn án. Bí ẹyin ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ni mo tó mọ̀ pé ìyá rẹ máa ń kùn. Ó dà bíi pé ó ti pẹ́ tó ti ń kùn, èmi ni n kò mọ̀.

O tún mọ Arúgbó, mọ́tò akẹ́rù mi. Ọwọ́ tó ń fi iye epo hàn nínú rẹ̀ ti kú kí ìwọ tó lọ sílé ọkọ. Bí mo ṣe ń mọ̀ bóyá epo wà níbẹ̀ ni pé màá ṣí ìdérí táǹkì, màá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a lára, màá sì dẹ etí sí ẹnu rẹ̀. Bó bá dún gbọ̀ngàn, ó ti gbẹ nìyẹn, bó bá dún bọ̀, epo wà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí etí mi ti di ni n kò ti gbọ́ èsì táǹkì mọ́, Arúgbó sì ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní láàárọ̀ Sátidé pé kí etí tuntun náà wá ṣiṣẹ́ gidi. Mo gbá táǹkì, mo dẹ etí, mo gbọ́ bọ̀ kedere, inú mi wá dùn débi pé mo mi orí. Etí bá yọ, ó jábọ́ sínú táǹkì. N kò tilẹ̀ gbọ́ ìgbà tó jábọ́, nítorí ohun tí mo fi ń gbọ́ gan-an ló jábọ́ yẹn.

Ìyá rẹ pariwo sí mi létí pé mo ti ba nǹkan olówó ńlá jẹ́. Mo ní kó fara balẹ̀, omi ni dókítà ní kò gbọdọ̀ kàn án, kò dárúkọ epo mọ́tò, àti pé bí epo bá lè mú mọ́tò sáré, ta ló mọ̀ bóyá yóò mú etí tètè gbọ́ràn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé n kò pa etí náà kó tó jábọ́, ó ń gbọ́ gbogbo nǹkan níbi tó wà. Mo bá kìlọ̀ fún tẹrú-tọmọ pé kí wọ́n ṣọ́ ẹnu wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, pé ọjọ́ tí mo bá fi í sétí padà, gbogbo ohun tó gbọ́ ni màá gbọ́. Télọ̀ iwájú ilé wa, èyí tó rán ṣòkòtò mi kúrú, kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, ẹ pè. Ìyá rẹ gbé fóònù, ó fò sókè, ó ní Eléyín-Mẹ́rin ti ń sọ̀rọ̀, pé èmi gan-an ló ń pè, Bàbá, Bàbá. Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ tí o ti bí i ni mo ti ń retí ìyẹn. Mo gba fóònù, mo sáré jáde, mo gbé e sẹ́nu táǹkì kí etí mi lè gbọ́ ọ, kó sì bá mi tọ́jú rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ohùn yín ń dún padà bíi ti ẹni tó wà nínú kànga, ohun tó fà á nìyẹn. Mo dúró níbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, kí makáníìkì tí ìyá rẹ ránṣẹ́ sí tó dé, tó já fóònù gbà. Ó ní ṣé mo fẹ́ jó ilé ni, pé fóònù àti epo mọ́tò kò gbọdọ̀ pàdé. Ìyá rẹ bá gbé fóònù sórí ilé adìyẹ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ òórùn epo kúrò lára rẹ̀. Ibẹ̀ ló ṣì wà, òun ló fà á tí ẹ fi ń pè tí a kò gbé e.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pe makáníìkì yìí, torí ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó ba nǹkan jẹ́. Ó kọ́kọ́ so òòfà mọ́ okùn, ó jù ú sínú táǹkì bí apẹja. Nọ́ọ̀tì tó ti dípẹtà ló kọ́kọ́ fà jáde, lẹ́yìn náà kọ́kọ́rọ́ àpótí tí ìyá rẹ ti ń wá láti ìgbà tí o wà ní iléèwé. Bó ṣe débẹ̀, n kò mọ̀, ìyá rẹ kò sì tíì gbà. Télọ̀ gba ẹ̀yìn ilé yọ, ó ní kí òun ṣáná sí i kí a lè ríran, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lé e padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó wá fi rọ́bà fa epo sínú kẹ́ẹ̀gì, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó fi sípánà tú táǹkì sílẹ̀. Òun di orí mú, èmi di ìdí mú, a dojú rẹ̀ kọ asẹ́, a ń mì í bí ẹni tó fẹ́ fọgbọ́n yọ owó nínú kóló. Apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀ kí etí náà tó já bọ́ sínú asẹ́.

Mo nù ún, mo sá a, mo fi í sétí. Ó kọ́kọ́ dún fíín, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìyá rẹ tó ń kùn nípa kọ́kọ́rọ́. Ara mi yá gágá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń retí ohun tó bá mi tọ́jú. Mo retí títí. Kò sọ ti télọ̀, kò sì sọ ti ọmọ náà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní etí kì í ṣe àpótí, ohun tó bá ti kọjá lára rẹ̀ ti kọjá nìyẹn. Ó dùn mí gan-an.

Jọ̀wọ́, fi ohun tí ọwọ́ rẹ bá ká ránṣẹ́ fún bátìrì etí àti epo Arúgbó, nítorí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti gbé kẹ́ẹ̀gì lọ, ó ní owó iṣẹ́ òun nìyẹn. Ibi tí o bá ti ná an, Ọlọ́run yóò fi ìlọ́po dí i. Ọmọ rẹ yóò tọ́jú ìwọ náà, wàá gbó, wàá tọ́.

Ṣùgbọ́n kí owó tó dé, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ọmọ náà pè mí, n kò jẹ́ ẹ. Ọmọdé kò mọ̀ pé inú táǹkì ni etí àgbà wà, ó lè rò pé n kò ka òun sí. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ yóò gbé fóònù sọ̀kalẹ̀ ní Sọ́ńdè. Kó tún pè mí lẹ́ẹ̀kan péré, màá ti jókòó, kò sì ní í pè mí tán tí màá fi jẹ́ ẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.