Ẹrù Tí Èmi àti Elisha Kò Gbé

Ọlọ́hun ni mo kọ́kọ́ dárúkọ kí n tó dárúkọ ara mi.

Èmi ni Lìádì Àlàbí, ti ilé Olóbì, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Lọ́kọ́jà, tí ilé mi wà lẹ́yìn Paparanda. Mo ti pé ẹni àádọ́rin ọdún. Orí mi pé, ojú mi ń ríran bí mo bá wọ awò, ẹnikẹ́ni kò sì fi agbára mú mi kọ ìwé yìí. Orúnkún mi ọ̀tún nìkan ni kò pé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà sì ń bọ̀ níwájú.

Mo fagi lé ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí. Àwọn tí mo yàn láti mú un ṣẹ ni àbúrò mi Bàsítì, àti Ìyá Sharon, ìyẹn Eunice Mákánjúọlá ti àdúgbò Otokiti, opó Elisha ọ̀rẹ́ mi. Mo mọ̀ pé Bàsítì yóò bèèrè ohun tó kan ọmọ ìjọ nínú ìhágún Mùsùlùmí. Kí ó fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

1. Ilé mi, ṣọ́ọ̀bù ìkòkò àti àtùpà tí mo ní lọ́jà, àti ohunkóhun tó bá kù sí báǹkì, n kò fẹnu sí i. Ọlọ́hun ti pín in kí wọ́n tó bí mi. Kí Álfà wa pín in fún ìyàwó mi Ṣàmsíátù, ọmọkùnrin mi Ọlájídé, àti ọmọbìnrin mi Sọ̀fíyátù, bí òfin ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta ni òfin náà gbà mí láyè láti fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, kò sì yẹ kí ẹni tí yóò jogún mi tún gbà nínú rẹ̀. Inú ìdá kan yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà.

Ṣàmsíátù, mo tọrọ àforíjì. Nígbà tí omi odò wọlé wa ní ọdún 2022, ẹrù ìrìnàjò èmi àti Elisha ni mo kọ́kọ́ gbé gun àjà kí n tó rántí àpótí aṣọ rẹ. Aṣọ òfì ìgbéyàwó rẹ wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta. O kò bá mi jà. O kàn sá a sórí okùn níwájú ilé, o sì fi í síbẹ̀ títí gbogbo àdúgbò fi rí i tán. Ó tọ́ sí mi.

2. Mo fi ewúrẹ́ mi mẹ́rin fún Bàsítì, ẹni tó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé n kò mọ ewúrẹ́ sìn. Kí ó má ta abo dúdú tó ń tiro. Èmi àti òun la jọ ń tiro lọ yáàrùn láàárọ̀.

3. Ọ̀rọ̀ wá kan ẹrù tó wà ní yàrá kejì, lábẹ́ tápólì búlúù.

Bàbá bàbá mi, Àlí Olóbì, fẹsẹ̀ rìn láti Ìlọrin dé Lọ́kọ́jà, ó gba Kábà kọjá, ẹrù obì wà lórí rẹ̀. Nínú ilé wa, wọ́n sọ fún wa pé àwọn oníṣòwò ìgbà náà kì í gbéra títí àgbà inú wọn yóò fi tú ẹrù kálukú wò. Bí okùn kan bá dín, tàbí igbá omi kan, gbogbo wọn yóò dúró. Bí ohun gbogbo bá wà níbẹ̀, àgbà náà yóò sọ pé: ẹrù pé. Ohun tí wọ́n ń retí nìyẹn, wọn a sì gbéra. Mo máa ń fi ìtàn yìí yangàn láti kékeré.

Ní ọdún 2013 mo pàdé Elisha Mákánjúọlá ní ọ̀nà Òkè Pàtí. Ọmọ Kábà ni, ó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ awọnlẹ̀. Òun ń gun òkè nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi ń gùn ún nítorí ikùn. Ó kí mi pé Òkun, bí àwọn ará Kábà ti ń kí ara wọn. Mo ní èmi kì í ṣe ará Òkun. Ó ní kò burú, ṣebí òkè kan náà la jọ ń gùn. Nígbà tí a fi máa dé orí òkè, ó ti sọ fún mi pé bàbá òun náà fẹsẹ̀ rìn láti Kábà wá wáṣẹ́ sí Lọ́kọ́jà. Níbẹ̀ la ti pinnu pé àwa méjèèjì yóò rin ọ̀nà náà padà, láti Lọ́kọ́jà dé Kábà, ọjọ́ mẹ́rin, ẹrù lẹ́yìn, a ó sì máa sùn nínú àgọ́.

A kò ní ohun èlò kankan. A wá dá àṣà kan sílẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá, èmi ni n ó yan ohun tó kàn tí a ó rà. Lẹ́yìn Kérésì, Elisha ni. Ohun kan ṣoṣo ni lẹ́ẹ̀kan. A ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Otokiti, Sharon ọmọ rẹ̀ yóò máa fi fóònù wá àwòrán fún wa, a ó máa jiyàn títí tíì yóò fi tutù, Elisha yóò sì kọ ohun tí a bá yàn sínú ìwé. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́ta ju Elisha lọ ni àgbà. Èmi ni mo ní láti sọ pé ẹrù pé.

N kò sọ ọ́ rí.

4. Mo fi gbogbo ẹrù náà fún Sharon Mákánjúọlá. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Àpò àgbékọ́yìn méjì. Òkìríkà ni tèmi, orúkọ òyìnbó kan ṣì wà nínú rẹ̀. Oṣù méjì la fi jiyàn bóyá àpò ni ká kọ́kọ́ rà tàbí bàtà. Elisha ní bàtà ni, nítorí ẹsẹ̀ ló ń rìn. Èmi ní àpò ni, torí kí la fẹ́ kó àwọn yòókù sí? Mo borí. Èmi ni mo sábà ń borí.

Bàtà ìrìn wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ méjì-méjì, ìsàlẹ̀ tèmi ṣì mọ́ bí ọjọ́ tí mo rà á. Àgọ́ ẹlẹ́ni méjì wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré la pa á, ní ẹ̀yìnkùlé Elisha, adìẹ Eunice sì wọ inú rẹ̀ lọ yé ẹyin. Àpò ìsùn méjì, sítóòfù kékeré, tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí. Kẹ́tù àlùwàlá mi náà wà níbẹ̀. Elisha ní òun kò rí irú rẹ̀ nínú àwòrán òyìnbó kankan. Ó gbé e lé òṣùwọ̀n ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ó wúwo jù. Lọ́jọ́ kejì ni mo rí i tó ń rán okùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpò tirẹ̀. Ó ní òun ni yóò máa bá mi gbé e.

Sọ̀fíyátù, má bínú pé n kò fún ọ. Òfin tí mo sọ lókè ló dí mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ ń bọ̀.

5. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan níwájú àwọn ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn Iléyá ọdún 2017, ẹrù ti pé. Mo mọ̀, Elisha náà mọ̀. Ọ̀nà ṣì dára nígbà náà. Ó tẹ́ gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, ó jókòó, ó ń wo ẹnu mi. Orúnkún mi sì ti ń dùn mí láti bí oṣù mẹ́ta, mo ń fi ìpara pa á ní kọ̀rọ̀. Ojú tì mí láti sọ fún un pé èmi tí mò ń fọ́nnu nípa Àlí Olóbì kò lè rìn dé Obajana tó wà lójú ọ̀nà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ Kábà. Mo wo ẹrù náà títí, mo ní ó ku ẹní róbà tí a ó máa tẹ́ sábẹ́ àpò ìsùn. Elisha kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́dún kejì mo ní ó ku aṣọ òjò. Lẹ́yìn náà mo ní ó ku ọ̀bẹ. Tí ó bá kan Elisha, ìṣáná tàbí okùn ló máa ń yàn, ohun tí kò ní dá wa dúró. Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Tírélà sìmẹ́ǹtì kún ojú títì, àwọn ajínigbé gba inú igbó, kò sì sí ẹni tó tún lè fi ọkàn balẹ̀ fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Kábà mọ́. Ọdún tí ọ̀nà fi dára, èmi ni mo fi ẹní róbà àti aṣọ òjò jẹ ẹ́ tán. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

6. Lẹ́yìn Kérésì ọdún 2022, Elisha yan ọ̀pá ìrìn méjì. Inú bí mi. Mo bi í bóyá arúgbó ni mo dà lójú rẹ̀. Mo ní asẹ́ omi ló kàn. Ó rán mi létí pé òun ni yíyàn kàn, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Mo dìde kúrò níbẹ̀. Mo lọ ra asẹ́ omi fúnra mi, kò sì tíì kan omi títí dòní.

Oṣù méje ni n kò fi tẹ ilẹ̀ Otokiti. Ó pè mí lórí fóònù, n kò gbé e. Ó rán Sharon sí mi, mo ní kí wọ́n sọ pé mo wà ní mọ́ṣáláṣí. Ní oṣù kẹjọ, ẹ̀jẹ̀ ríru pa Elisha. Pósí rẹ̀ ni mo bá.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìsìnkú, Sharon gbé ọ̀pá méjèèjì wá fún mi. Elisha ti rà wọ́n. Ọ̀pá tó ń fà gùn ni wọ́n, ó sì ti fa ọ̀kan dé ìwọ̀n gíga mi, ó fi sẹ́lótéèpù dì í kí ó má baà sún. Ó lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ọn. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni: orúnkún ọ̀tún, kí ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ òsì mú un. Sharon ní bàbá òun ti lọ bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Ó ti mọ̀. Bóyá láti ọjọ́ ẹní róbà yẹn ló ti mọ̀, tó sì ń kọ gbogbo irọ́ mi sínú ìwé kí ojú má baà tì mí.

Ìwé tí Elisha ń kọ ohun tí a bá yàn sí wà lọ́dọ̀ mi, kí wọ́n dá a padà fún Eunice. Ọ̀pá ìrìn ni ohun tó kọ gbẹ̀yìn níbẹ̀. Ọ̀pá Elisha wà nínú ẹrù Sharon. Tèmi, kí wọ́n fi kún un lọ́jọ́ tí mo bá kú, nítorí òun ni mo fi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí báyìí, ọwọ́ òsì ni mo sì fi ń mú un.

7. Sharon, o gbọ́ àríyànjiyàn wa jù, ó sì ti ràn ọ́. Lóṣù tó kọjá o ní o fẹ́ kọ́kọ́ ra àpò mìíràn tó fúyẹ́, lẹ́yìn náà a lè máa sọ̀rọ̀ ìrìn. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Má ra ohunkóhun. N kò sọ pé kí o lọ sí Kábà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí ọ gbé nítorí tèmi. Kí ogójì ọjọ́ mi tó pé, kí ìwọ àti Sọ̀fíyátù gbé ẹrù náà gun Òkè Pàtí láàárọ̀. Ẹ pa àgọ́ náà síbi tí ojú yín ti lè rí ìpàdé Odò Ọya àti Bẹ́núé. Kí Sọ̀fíyátù fi kẹ́tù yẹn ṣe àlùwàlá, kí ìwọ se tíì. Kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Bàsítì àti Eunice kò gbọdọ̀ gba àwáwí kankan lẹ́nu yín.

Ní òwúrọ̀ òní, kí n tó mú bírò, mo tú ẹrù náà wò bí àgbà. Èèkàn àgọ́ kan ti sọnù. Sítóòfù ti ń dípẹtà. Eku ti jẹ etí àpò ìsùn kan, n kò sì rí ìṣáná.

Ẹrù pé.

Mo fọwọ́ sí i ní Lọ́kọ́jà, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì, ọdún 2025.

Lìádì Àlàbí

Àwọn ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn, tí wọn kò sì ní ìpín nínú rẹ̀:

Ọlákúnlé Adébáyọ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Otokiti

Àdìjátù Àyọ̀ká, oníṣòwò, Paparanda