Mo Wá Gbọ́ Ìdájọ́ ní Yunifásítì

Abà Ọlọ́sàn,
Ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú.

Láyí ọmọ mi, Àjàmú,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Bódìjà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́ fún ọ kò ní jẹ́ kí àtẹ́wọ́ náà dáwọ́ dúró. Èmi náà wà láàyè. Orúnkún ọ̀tún ló ń yọ mí lẹ́nu, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó wá sọ́dọ̀ yín, nítorí náà má rò pé ìjókòó ọjọ́ yẹn ló fà á. Adìẹ funfun ti pamọ, òjò sì ti ń rọ̀ níbí. Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí pẹ̀lú ìwé mẹ́fà tí mo kà, torí Peculiar, tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú ilé wa, ti bá mi kọ ọ̀rọ̀ sí ọ lórí fóònù rẹ̀, ó ní o ti kà á, ó ní àmì búlúù méjì ti yọ. Mo ní ṣé búlúù wá ni èsì? Ó ní rárá, ó kàn túmọ̀ sí pé o rí i ni. Ìyẹn ni mo fi ní kí n wá bébà kọ ọ́ sí, bóyá ti bébà á wúwo lọ́wọ́ rẹ.

Peculiar yìí náà ló gbé fóònù wá bá mi níbi tí mo ti ń bó ẹ̀gẹ́, ó ní Màmá, ẹ wo Láyí yín. Mo wò ó, mo rí ọ nínú súùtù dúdú pẹ̀lú táì, orúkọ rẹ wà lábẹ́, déètì àti aago wà lábẹ́ orúkọ. Láyí, mo figbe ta. Ṣebí ìwọ náà mọ irú àwòrán tí wọ́n ń kọ déètì àti aago sí lábẹ́ níbí, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àti ara òpó iná. Mo ti wà nílẹ̀, mo ti ń ké pe bàbá rẹ nínú sàréè pé kó má gbà ọ́ wọlé, kí ọmọ náà tó fà mí dìde. Ó ní o kò kú. Ó ní ìpàdé ńlá ni ẹ fẹ́ ṣe ní yunifásítì yín, àwọn ọ̀mọ̀wé ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó, ìwọ lo sì máa sọ̀rọ̀ lórí àwọn opó àti ilẹ̀ ọkọ wọn. Bí ẹkún mi ṣe di ijó nìyẹn. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti kú ni Bàbá Kékeré, àbúrò rẹ̀, ti ń wá bí wọn yóò ṣe ta ìpín ilẹ̀ bàbá rẹ fún àwọn ẹlẹ́sítéètì. O sì mọ̀ pé nínú ìpàdé ẹbí wa, ìyàwó kò gbọ́dọ̀ dá sí i, ọmọ tí òkú bí ló ń dìde lórí ìpín bàbá rẹ̀. Mo ti rò pé o ti gbàgbé wa ni. Àṣé ò ń lọ kó àwọn ọlọ́gbọ́n jọ kí wọ́n lè bá wa gbọ́ ẹjọ́ náà.

Èmi àti Peculiar bá wọkọ̀. Ní Challenge, agbèrò kan já báàgì gbà lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ fi mí sínú ọkọ̀ Ṣàgámù, ó ní màmá, ẹ wọlé, ó ku ẹnì kan. Mo sọ fún un pé ẹjọ́ ni mò ń lọ. Ó bẹ̀ mí, ó dá báàgì padà, ó ní Ọlọ́run á dá mi láre.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yín, ọmọbìnrin kan fi okùn tí káàdì wà lẹ́nu rẹ̀ kọ́ mi lọ́rùn, ó béèrè orúkọ mi àti ilé-iṣẹ́ tí mo ti wá. Mo sọ orúkọ mi, mo ní Ilé Adéróunmú ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́, mo sì rò pé wọ́n ti mọ ilé wa níbẹ̀ ni. Wọ́n tan iná kan sí ògiri, àwọn èèyàn yọ lára rẹ̀, oníkálukú nínú fèrèsé tirẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Ẹnì kan kò dá mi lóhùn. Ọ̀kan tiẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì, kò dáwọ́ dúró. Peculiar ní wọn kò gbọ́ mi ni, wọ́n ti pa ohùn lọ́dọ̀ wọn. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé adájọ́ tó bá ń kí èèyàn ṣáájú ẹjọ́, wọ́n lè ní ó gba rìbá. Wọ́n wá ka ìtàn rẹ, ibi tó o ti kàwé, ìlú tó o dé, àwọn ìwé tó o kọ. Mò ń retí ibi tí wọn yóò ti dárúkọ bàbá rẹ. Wọn kò débẹ̀ tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́.

O sọ̀rọ̀ dáadáa, n kò ní purọ́. Òyìnbó lò ń sọ, Peculiar ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí. Ṣàdédé ni ọwọ́ mi yọ lára ògiri. Ọwọ́ mi ni, mo rí àpá ọ̀bẹ lórí àtàǹpàkò. Ọdún Àjíǹde lo ya fọ́tò rẹ̀, nígbà tó o ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. O kò fi orí mi sí i. Peculiar ní o ní ọwọ́ opó keje nìyẹn. Mo ní opó keje báwo? Bàbá rẹ kò fẹ́ ju èmi nìkan lọ títí tó fi kú, àwọn wo ni opó mẹ́fà tó ṣáájú mi? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń fi orúkọ èèyàn pamọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣe é léṣe. Láyí, ta lò ń fi mí pamọ́ fún? Àwọn tó ń ṣe mí léṣe wà nílé níbí, wọ́n sì mọ orúkọ mi. Peculiar wá túmọ̀ èyí tó kàn, ó ní o ní opó keje ti pàdánù ilẹ̀ ọkọ rẹ̀. Mo rò pé ó ṣì í túmọ̀ ni.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jáde díẹ̀. Mo ní ó ti yá, wọ́n fẹ́ lọ fikùn lukùn kí wọ́n tó dájọ́, bí àwọn àgbà ẹbí ṣe máa ń bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo yọjú wò wọ́n. Tíì àti mítípáì ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé tèmi wá, n kò gbà á, n kò fẹ́ kí Bàbá Kékeré sọ lọ́la pé mo bá adájọ́ jẹun kí ẹjọ́ tó parí. Ebi sì pa mí lọ́jọ́ náà.

A padà wọlé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Bándélé tó jókòó sórí àga ńlá ní ta ló ní ìbéèrè. Mo nawọ́. Wọ́n gbé máìkì fún mi. Mo kí wọn, mo kí àwọn ará ògiri, mo ní n kò ní ìbéèrè, ìdájọ́ ni mò ń dúró dè, kí wọ́n sọ fún mi bóyá ilẹ̀ náà ṣì jẹ́ tiwa. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọ̀rọ̀ gidi ni màmá sọ, wọn yóò kọ ọ́ mọ́ ohun tí wọ́n ti sọ. Mo wò ọ́. Ìwé iwájú rẹ lò ń wò. O wá sọ nínú máìkì pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá. Màmá! Bí agbèrò Challenge ṣe pè mí náà nìyẹn, òun tí kò rí mi rí. Ó dùn mí, Láyí, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Níbi fọ́tò, wọ́n ní kí màmá jókòó sáàárín, ìwọ lọ dúró ní ìkángun lọ́hùn-ún. Ìgbà tí èrò túká lo tó fà mí sẹ́yìn òpó, o ní kí ló dé tí n kò sọ pé mò ń bọ̀, o ní ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ilé. Mo ní ọ̀rọ̀ ilé ta lo wá ń sọ láti àárọ̀? Wọ́n ti ń pè ọ́. O fún Peculiar lówó ọkọ̀.

Wọ́n fún mi ní sàtífíkéètì, orúkọ mi wà níbẹ̀ gàdàgbà gadagba. Mo ní ìdájọ́ nìyí. Peculiar ní kí n má gbé e lọ síbì kankan, n kò gbọ́, mo gbé e lọ bá Bàbá Kékeré, mo ní ẹ wò ó, yunifásítì ti dá mi láre. Wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju pé mo wá, mo sì jókòó. Mo ti fi í sábẹ́ ẹní.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nìyí. Ilẹ̀ náà kò tíì lọ. Mo tún bi Peculiar lójú ọ̀nà bóyá ó ṣì í túmọ̀, ó ní rárá, bẹ́ẹ̀ lo wí. Láyí, ta ló sọ fún ọ pé ó ti lọ? Àná ni mo wà níbẹ̀, mo ro ẹ̀gbẹ́ sàréè bàbá rẹ, ẹ̀gẹ́ ń yọ ewé tuntun. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé ẹbí. Wọn yóò pe orúkọ bàbá rẹ, wọn yóò béèrè ẹni tó dìde fún un. Tí kò bá sí ẹni tó dìde, Bàbá Kékeré yóò tọwọ́ bọ̀wé lójú gbogbo wa, katakata àwọn ẹlẹ́sítéètì yóò sì dé wá tú ilẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Èmi yóò wà níbẹ̀, n kò sì ní lè lanu. Ìwọ nìkan ni mo bí fún un.

Owó tó o máa ń fi sínú fóònù, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Epo wà, iyọ̀ wà. Fi owó náà wọkọ̀. Má gbé àwòrán wá, má gbé iná ògiri wá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ kò gùn. Dìde, sọ pé ìwọ ni ọmọ rẹ̀, kí o sì jókòó. Tí ojú bá ń tì ọ́ láti pè mí ní ìyá rẹ, má pè mí. Bàbá rẹ nìkan ni wọn yóò béèrè lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́run yóò gbé ọ dé láyọ̀. Ọkọ̀ tó o bá wọ̀ kò ní bàjẹ́ lọ́nà. Ẹnu rẹ kò ní di. Àwọn ọmọ tí ìwọ náà bí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́ láàárín èrò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adùnọlá.